Akọrin tó padà sínú ègbè

Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ dadakúàdà wa ní Ìlọrin ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìdílé tó gbà wá lálejò, ṣùgbọ́n òun àti ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń lu omele fún ẹgbẹ́ náà. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé mo mọ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ohùn wọn kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá wọn nítorí ohun tí aráyé máa wí. Bí a bá wá ń gba irú wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má bẹ̀rù, ìdajì ọ̀rọ̀ la sọ. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ àwa tí à ń gbọ́ orin.

Ẹni tí kò bá mọ dadakúàdà dáadáa, kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí. Orin Ìlọrin ni. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kéwì egúngún. Lẹ́yìn tí ìlú bọ́ sábẹ́ ẹ̀mírétì láàárín 1820 sí 1830, tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, eégún kúrò lójúde, ẹnu kò kúrò. Oríkì ìlú fúnra rẹ̀ sọ ọ́: ìlú tó tóbi tó yìí kò ní eégún, ẹṣin ni eégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ ni orò ibẹ̀. Ìlọrin Àfọ̀njá kan náà ni wọ́n ń kì pé ẹnu dùn ju iyọ̀. Odòlayé Àrẹ̀mú tó kú ní 1997, Jáígbadé Àlàó, Ọmọ́ékeé, ẹnu ni gbogbo wọn fi gba òkìkí. Kò sí gìtá tó máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ẹnì kan á dá orin, àwa yòókù á gbè é, gángan á máa tẹ̀lé ẹnu rẹ̀, ẹni tí à ń kì á sì wà níbẹ̀ gan-an, ojú á ko ojú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni náà mọ oríkì rẹ̀ ju akọrin lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dùn, ibẹ̀ náà ló ti ń bani lẹ́rù.

Aṣọ òkè ni ọmọkùnrin yìí ń hun lójoojúmọ́. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ nìyẹn, lórí òfì, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ sì ń ki ẹni tó ni aṣọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń hun aṣọ á máa gbè é láìgbé orí sókè. Kò bẹ̀rù wọn. Èmi ni mo mú un lọ bá ọ̀gá wa, ọ̀gá sì gbà á lọ́jọ́ náà. Bó bá dá orin ní agboolé ọ̀gá nígbà tí a bá ń palẹ̀ mọ́ fún òde, àwọn ìyàwó ilé á jáde wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Òun náà ló máa ń ká orin tirẹ̀ sínú fóònù lóru, tó sì máa ń pa á rẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó jẹ́wọ́ ìyẹn fún mi lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ìṣílé kan ní Ọ̀fà ni. Ọ̀fà kò jìnnà sí Ìlọrin, nǹkan bí kìlómítà 50. Ọmọ ilé náà kọ́ ilé, ó pe ará, ó pe ọ̀rẹ́, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó sì jókòó ní iwájú gan-an nínú àga onítìmùtìmù. Ohùn ọ̀gá ti há láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó nawọ́ máìkì sí ọmọkùnrin yìí pé kó gbà á.

Ó gbà á, ó sì dá a bó ti yẹ. Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóóko, ìjàkadì l'orò Ọ̀fà. Kò sí akọrin Ìlọrin tí kò mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé e kalẹ̀ yàtọ̀. Àwọn àgbà dìde, owó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i níwájú orí. Onílé jó títí aṣọ fi rin. Lẹ́yìn náà ni akọrin yí sí ìyá onílé. Oríkì Ọ̀fà kan náà ló ń bá lọ, ó ń ki ìyá náà ní ọmọ Ọlọ́fà.

Ìyá na ọwọ́ sókè.

Gángan dákẹ́, àwa náà dákẹ́. Ìyá wí pé, “Dúró ná, ọmọ mi. Ilé ọkọ mi lò ń kì. Ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí ni bàbá tó bí mi.” Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Gbogbo wa ló mọ̀ pé òótọ́ ló sọ: obìnrin tó wọlé ọkọ kò fi orílẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá lo ọgọ́ta ọdún nílé ọkọ, oríkì tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ nígbà èwe náà ló máa mú orí rẹ̀ wú.

Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ Ìkòyí. Ìlà kìíní jáde. Ìkejì kò jáde. Ẹni tó ń lu gángan rí i pé ó ti há, ó fi ìlù sọ ìlà náà fún un: ó rọra fún awọ, ó tú u sílẹ̀, *Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn*. Ó tún un sọ. Ẹni tó bá gbọ́ ìlù mọ ohun tó ń wí, ọmọkùnrin yìí sì gbọ́ ìlù ju èmi lọ. Lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ ọ. Ó mú ìlà kan láti inú oríkì orílẹ̀ mìíràn fi dí àlàfo náà, àwọn tó mọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gba máìkì pẹ̀lú ohùn híhá yẹn, ó ki Ìkòyí débi tí ohùn rẹ̀ gbé e dé, ìyá dìde, ó jó, àwọn tó rẹ́rìn-ín náà bá a jó. Òde yẹn dùn parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó tẹ̀lé e.

Kí a tó dé Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ náà, fídíò ti ṣáájú wa dé. Ẹnì kan ti gé e: láti ibi tí ìyá ti na ọwọ́ sókè títí dé ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Kò sí oríkì Ọ̀fà tó ṣáájú níbẹ̀, kò sí ijó tó kẹ́yìn. Ó ń lọ láti orí WhatsApp kan sí èkejì. Àwọn tí kò tẹ Ọ̀fà rí ń fi ọmọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kò sí akọrin mọ́ ní Ìlọrin, wọ́n ní owó nìkan ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wá. Àwọn tí wọ́n jọ ń hun aṣọ ló fi ránṣẹ́ sí i. Eré ni wọ́n pè é.

Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn. Lóde kan, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Lóde mìíràn, ó ní òun ń rìnrìn-àjò. Nígbà tó padà wá, ẹ̀yìn ègbè ló dúró sí, ó ń gbè é pẹ̀lú ohùn tó ti dín kù débi pé ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń hun aṣọ sọ fún mi pé kò kọrin lórí òfì mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó bá bẹ̀rù ìtàgé lè padà síbi tí kò ti sí ìtàgé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti wọ ibẹ̀ náà bá a.

Mo bi í pé ta ló ń bẹ̀rù gan-an. Mo rò pé ìyá yẹn ni yóò pè. Ó ní, “Bùrọ̀dá, kì í ṣe ìyá. Ojú ìyá ni mo wà, mo rí wọn. Àwọn tí mi ò rí ni.”

N kò rí ìdáhùn fọ̀ fún un lójú ẹsẹ̀. Mo ti rò ó púpọ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀rù tó ń mú akọrin kì í ṣe ìwà ojo. Ohun tó ń ṣe ara ni: ara á rò pé ewu dé, ọkàn á máa sáré, itọ́ á gbẹ lẹ́nu, èémí á gun òkè àyà. Ẹni tó bá ń ki oríkì nílò èémí tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, nítorí ìlà oríkì gùn, a kò sì gbọ́dọ̀ já a láàárín. Bí èémí bá ti kúrú, ìlà á já. Bí ìlà bá já, ọpọlọ á máa wá èyí tó tẹ̀lé e nígbà tó yẹ kí ẹnu ti máa sọ ọ́. Ní 1965, Robert Zajonc, onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà, wo ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, ó sì fa ọ̀rọ̀ kan yọ nínú wọn: bí àwọn òǹwòran bá wà níbẹ̀, ohun tó ti mọ́ ènìyàn lára á túbọ̀ yá a, ohun tí kò tíì mọ̀ dunjú á sì túbọ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tí mo rí ní Ọ̀fà nìyẹn gẹ́lẹ́. Èrò kan náà ló gbé oríkì Ọ̀fà ga lẹ́nu ọmọ yìí, èrò kan náà ló sì fọ́ Ìkòyí mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí pé ó kàn ń gbọ́ Ìkòyí lẹ́nu ọ̀gá ni, kò tíì jókòó kọ́ ọ.

A jíròrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Onísẹ̀kẹ̀rẹ̀ wa, àgbàlagbà tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, kò gbà pé kí a rẹ ọmọ náà lẹ́kún. Ó ní akọrin tí ẹ̀rù kò bá bà yóò máa parọ́ mọ́ òkú, yóò máa parọ́ mọ́ alààyè. Ó ní ojú tó ń tini ló jẹ́ kí oríkì má bàjẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ di òní, pé bí kò bá sí àwọn arúgbó tó ń na ọwọ́ sókè ni, à bá ti máa pe Ìkòyí ní Olúfẹ̀ báyìí. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò fẹ́ akọrin tí kò bìkítà fún ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlà kan ló ṣì kì, ìlà yẹn ló yẹ kí ojú tì í lé lórí. Ohun tí fídíò yẹn ṣe ni pé ó gbé ìtìjú ìlà kan lé gbogbo ohùn ọmọ náà lórí.

Ọ̀gá kò dá sí àríyànjiyàn wa. Nígbà tí a parí, ó ní kí ọmọ náà múra, pé àwọn máa lọ kí ìyá ní Ọ̀fà. Mo bá wọn lọ.

Ẹ̀gúsí ni ìyá ń yọ nígbà tí a dé, àwo fẹ̀ǹfẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀, ó kí wa, ó bi wá nípa ilé. Ọ̀gá ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yín ló wá kọ́ oríkì bàbá yín lẹ́nu yín.” Ìyá wo ọmọ náà, ó rántí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kó jókòó lórí ẹní. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ̀ ọ́n dé.

Kò fi ẹ̀gúsí sílẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń kì, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ ẹ̀gúsí, pa, pa, pa. Bí ọmọ náà bá ti ṣi ìlà kan gbé, ọwọ́ á dúró. Kò ní sọ nǹkan kan. Ọmọ náà á padà sẹ́yìn, á wá a, bí kò bá rí i, ìyá á sọ ọ́ fún un, ọwọ́ á tún máa lọ. Nígbà tó yá, kò wo ojú ìyá mọ́, ọwọ́ yẹn ló ń gbọ́. Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ni Ẹ̀ṣọ́ fi ń gbọgbẹ́. Ó dé ibẹ̀, ó kọjá ibẹ̀, ó dé àwọn ìlà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mọ̀, àwọn tó jẹ́ ti agboolé bàbá ìyá nìkan. Ọ̀gá yọ fóònù, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kó tó ká a.

Nígbà tí wọ́n sinmi, ìyá sọ ohun kan tí n kò ní gbàgbé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọ ilé yìí, gbogbo akọrin tó wá, ọkọ ni wọ́n ń kì, ọmọ ni wọ́n ń kì. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ òun, wọ́n á ní ìyá olówó, ìyá onílé, wọ́n á sì kọjá. Ó ní, “Mo ti máa ń jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ohùn tìrẹ ló wọ̀ mí lára, ni mo ṣe na ọwọ́. Mo ní bí irú ohùn báyìí bá lè pe bàbá mi, kó pè é lójú mi kí n tó lọ.”

Ọmọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ní, “O gbọ́?” Ó ní òun gbọ́.

Ọwọ́ tí gbogbo ayé wò nínú fídíò gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ìdájọ́, ẹ̀bẹ̀ ni ìyá fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó gé fídíò náà kò mọ̀, ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i láti Èkó kò lè mọ̀, ọmọ tó dúró níwájú ìyá pẹ̀lú máìkì lọ́wọ́ náà kò mọ̀. Ìyá jókòó de akọrin láti ìgbà tó ti wọ ilé ọkọ. Iṣẹ́ ọnà wa kò parí sí ẹnu olórin; ẹni tí à ń kì ló ń parí rẹ̀ pẹ̀lú orí tó wú, pẹ̀lú ijó, pẹ̀lú owó, pẹ̀lú “kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi.” Ẹni tó bá tún orin ṣe lójú akọrin ti fún un ní nǹkan. Ìyá fún un ní bàbá rẹ̀. Kí ni àwọn tó pín fídíò fún un? Wọ́n gbọ́ orin lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n mú ibi tó já níbẹ̀, wọ́n fi dá ara wọn lára yá, wọ́n lọ. Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹ bá máa ká akọrin sílẹ̀ lóde, ẹ ká a tán. Bí ẹ bá rí i tó ṣì í kì, tí ẹ sì mọ èyí tó tọ́, ẹ sọ ọ́ sí i létí. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́.

Àtúnṣe tí ẹgbẹ́ ṣe kò pọ̀. Kí òde tó kan báyìí, ẹnì kan á ti lọ bi àwọn obìnrin ilé léèrè orílẹ̀ bàbá wọn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán. Àwọn obìnrin mìíràn máa ń wò mí pé kí ló kàn mí, títí wọ́n á fi mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ẹgbẹ́ náà ló ń ká òde tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì fún onílé ní tirẹ̀. Ọmọkùnrin yìí kò gun ìtàgé gíga ní tirẹ̀. Ó ní bí òun bá wà lókè tí iná ń tàn sí òun lójú, òun kì í rí ojú ẹnikẹ́ni, ìgbà náà ni àwọn tí òun kò rí máa ń dé. Nítorí náà, ilẹ̀ ló máa ń dúró sí, ní ọwọ́jà ẹni tó ń kì.

Ìsọmọlórúkọ ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn kékeré tí kò ju agboolé kan lọ. Ní ọ̀kan tó wáyé ní Òmù-Àrán, bàbá arúgbó kan na ọwọ́ sókè láàárín oríkì. Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà sún mọ́ bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dẹ etí sí i, bàbá sọ ọ́ fún un, ó dìde, ó tún un kì bí bàbá ti wí, gángan gbà á, àwa gbè é. Bàbá na owó sí i. Àwọn kan gbé fóònù sókè níbẹ̀, mo rí wọn, òun náà rí wọn. Kò dáwọ́ dúró. Àyà rẹ̀ ṣì ń já kó tó dá orin. Bó bá mu omi, mo máa ń rí i tí ife ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti padà máa ń kọrin lórí òfì.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí agbára wa kò ká. Àáfà ni bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ orin. Kò bá a jà, kò lé e nílé, ó kàn máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti mẹ́nu kan ẹgbẹ́. Ọmọ náà kò tíì dá orin ní àdúgbò wọn rí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rù àjèjì ni mo ti ń kọ bọ̀, mo sì rí ohun tí àwọn olùgbọ́ rere lè ṣe sí i. Ẹ̀rù bàbá yàtọ̀. Kò sí ìyá Ọ̀fà kan tó lè bá a tú u, mo sì sọ fún àwọn tó ń rọ̀ ọ́ nínú ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ kóun àti bàbá rẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é.

Òde kan ń bọ̀ ní àdúgbò náà lẹ́yìn Iléyá. Ó ti sọ fún ọ̀gá pé inú ègbè lòun máa wà lọ́jọ́ náà, ọ̀gá sì ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀.